Adùn Àtọwọ́dá Nínú Oúnjẹ: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣírò Iye Tó Bá Ara Yín Mu

"Ṣé nǹkan dídùn tí kì í ṣe ṣúgà yìí ò ní pa wá báyìí?" Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù nìyí, ẹ sì máa ń fẹ́ kí n dáhùn ní gbólóhùn kan. Kò ṣeé ṣe, torí ìbéèrè náà ò tíì pé. Èwo nínú wọn ni? Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ara ta ló ń lọ, ti àgbàlagbà tó wọn 70 kìlógíráàmù ni àbí ti ọmọ ọdún 5? Bàbá àti ọmọ lè jọ mu nínú ike kan náà, kí bàbá má tíì dé ìdajì ohun tí ara rẹ̀ lè gbà, kí ọmọ sì ti kọjá ààlà tirẹ̀. Ìṣirò ló máa fi ìyàtọ̀ yẹn hàn yín, kò sì le.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Páálí, ìgò tàbí ike oúnjẹ náà gan-an, kì í ṣe ìpolówó rẹ̀
- Ìwọ̀n ara ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, ní kìlógíráàmù (ẹ má fojú díwọ̀n ọmọdé, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n)
- Ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín
- Bébà àti bírò

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yí páálí náà sẹ́yìn, kí ẹ wá orúkọ

Iwájú páálí, ọjà ni wọ́n ń polówó níbẹ̀. "Sugar-free", "diet", "zero", "no added sugar": ohun tí gbogbo wọn ń sọ ni pé ṣúgà ò sí níbẹ̀, tàbí pé ó kéré, tàbí pé àwọn tó ṣe é ò bu ṣúgà kún un. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n fi rọ́pò ṣúgà. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n to èròjà sí.

Nígbà mìíràn orúkọ lẹ máa bá níbẹ̀, nígbà mìíràn nọ́ńbà ni. Àwọn ọjà Yúróòpù máa ń fi lẹ́tà E ṣáájú nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà kan náà ni Codex Alimentarius ń lò, ìyẹn àkójọ ìlànà oúnjẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti FAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, jọ dá sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn tí ẹ máa pàdé jù nìyí:

- 950: acesulfame K, tí àwọn mìíràn ń kọ ní acesulfame potassium
- 951: aspartame
- 952: cyclamate
- 954: saccharin
- 955: sucralose
- 960: steviol glycosides, tí wọ́n ń yọ lára ewé stevia
- 961: neotame
- 962: aspartame àti acesulfame tí wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan
- 969: advantame

Stevia kì í ṣe àtọwọ́dá ní tòótọ́, torí ara ewé ló ti wá. Àmọ́ òfin kan náà ló ń darí rẹ̀, ó sì ní ìwọ̀n tí kò yẹ kéèyàn kọjá bíi ti àwọn yòókù. Pé nǹkan ti ara ewé wá kò ní kí ẹ máa bù ú lábùjù.

Orúkọ ọjà kì í ṣe orúkọ èròjà. Ilé iṣẹ́ kan náà lè fi saccharin sínú sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan, kó fi sucralose sí i ní òmíràn, kí orúkọ ìta má sì yí padà. Torí náà, bí ẹ bá ra ọjà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní ibòmíràn, ẹ tún ẹ̀yìn rẹ̀ kà.

Ẹgbẹ́ kejì wà tí orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń parí sí "tol": sorbitol (420), mannitol (421), maltitol (965), xylitol (967), erythritol (968). Inú ṣingọ́ọ̀mù, súìtì àti ṣokoléètì tí kò ní ṣúgà ni wọ́n pọ̀ sí. Ikùn ni àwọn wọ̀nyí ń dà láàmú: inú rírun, afẹ́fẹ́, ìgbẹ́ gbuuru. Òfin Yúróòpù sọ pé bí wọ́n bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ nínú oúnjẹ, páálí gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pé àjẹjù rẹ̀ lè mú kéèyàn máa yàgbẹ́. Bí ọmọ yín bá ń yàgbẹ́ gbuuru láìní ibà, ẹ wo iye súìtì "sugar-free" tó jẹ kí ẹ tó máa wá oògùn kiri.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo òṣùwọ̀n òòjọ́ rẹ̀

Òṣùwọ̀n òòjọ́ ni iye tí èèyàn lè máa jẹ lójoojúmọ́, jálẹ̀ ayé rẹ̀, láìsí ewu tí wọ́n lè tọ́ka sí. Àwọn onímọ̀ máa ń wá iye tó pọ̀ jù lọ tí ẹranko jẹ láìṣe é ní nǹkan kan, wọ́n á wá pín in sí 100, torí pé ara èèyàn lè má gbà á tó ti ẹranko, torí pé ara èèyàn kan sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ti aspartame, 4,000 mílígíráàmù fún kìlógíráàmù kan ara ni wọ́n bá nínú eku. Ẹ pín in sí 100, ó di 40.

Àwọn nọ́ńbà náà nìyí, ní mílígíráàmù fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ara, lójúmọ́ kan. JECFA ni ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí WHO àti FAO jọ gbé kalẹ̀, EFSA ni ti Yúróòpù, FDA sì ni ti Amẹ́ríkà.

- Aspartame: 40 (JECFA àti Yúróòpù), 50 (FDA)
- Acesulfame K: 15
- Sucralose: 15 (JECFA), 5 (FDA)
- Saccharin: 5 (JECFA), 9 (EFSA, láti ọdún 2024), 15 (FDA)
- Cyclamate: 11 (JECFA), 7 (Yúróòpù), kò sí fún Amẹ́ríkà torí wọ́n ti fòfin dè é láti nǹkan bí ọdún 1969 sí 1970
- Stevia: 4, bí wọ́n bá fi steviol inú rẹ̀ wọ̀n ọ́n (steviol ni ohun tí steviol glycosides ń dà nínú ikùn)

Ẹ ò ní ṣàì bi mí pé kí ló dé tí àwọn àjọ wọ̀nyí ò fi sọ nọ́ńbà kan náà. Ìwádìí tí wọ́n gbé lé lè yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣọ́ra sì lè yàtọ̀. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ mú bó bá jẹ́ ọmọdé lẹ ń ṣírò fún. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ti orílẹ̀-èdè yín tó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ sọ ọ́ di ti ara yín

1. Ẹ kọ ìwọ̀n ara sílẹ̀ ní kìlógíráàmù.
2. Ẹ fi òṣùwọ̀n òòjọ́ èròjà náà sọ ọ́ di púpọ̀.
3. Ohun tó jáde ni mílígíráàmù tí ẹni yẹn ò gbọdọ̀ máa kọjá lójúmọ́.

Àgbàlagbà tó wọn 70 kìlógíráàmù, lórí aspartame: 70 lọ́nà 40 jẹ́ 2,800 mílígíráàmù. Ọmọ tó wọn 20 kìlógíráàmù: 20 lọ́nà 40 jẹ́ 800. Èròjà kan náà ni o, àmọ́ ti ọmọ ò tó ìdá mẹ́ta ti àgbà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wádìí iye tó wà nínú oúnjẹ náà

Ibí ló nira jù, torí òfin ọ̀pọ̀ ibi fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ orúkọ èròjà, àmọ́ kò fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ iye rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà.

Àkọ́kọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Nọ́ńbà tàbí í-meèlì wọn máa ń wà lára páálí. Ẹ kọ ọ́ ṣókí: "Mílígíráàmù mélòó ni aspartame tó wà nínú ìgò kan?" Àwọn kan á dáhùn, àwọn kan ò ní dáhùn.

Ìkejì, ẹ lo iye tó pọ̀ jù lọ tí òfin gbà wọ́n láàyè láti fi sí i. Ní Yúróòpù, fún ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà tàbí tí wọ́n dín ṣúgà rẹ̀ kù, nínú lítà kan:

- Aspartame: 600 mílígíráàmù
- Acesulfame K: 350
- Sucralose: 300
- Cyclamate: 250
- Saccharin: 80

Òkè téńté lèyí. Ohun tó wà nínú ìgò gan-an sábà máa ń kéré sí i, torí wọ́n máa ń da èròjà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí ọ̀kan má bàa korò lẹ́nu. Àmọ́ bí ẹ bá fi òkè téńté ṣírò tí ẹ ò sì kọjá ààlà, ọkàn yín balẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe é fún ọmọ tó wọn 20 kìlógíráàmù.

Aspartame: 800 ni ààlà rẹ̀, 600 ló wà nínú lítà kan. Lítà kan àti ìdá mẹ́ta ló máa fi dé ààlà, bí agolo 4 tó gba 330 mílílítà. Ike lítà kan ààbọ̀ ní 900 mílígíráàmù nínú, ó ti kọjá.

Acesulfame K: ààlà rẹ̀ 300. Kò tó lítà kan tó fi dé ibẹ̀, nǹkan bí 860 mílílítà ni.

Cyclamate ló ń já mi láyà jù. Bí ẹ bá tẹ̀ lé 7 ti Yúróòpù, ààlà ọmọ náà jẹ́ 140 mílígíráàmù. Pẹ̀lú 250 nínú lítà kan, 560 mílílítà péré ti tó. Bí ẹ bá tẹ̀ lé 11 ti JECFA, ó di 880 mílílítà. Ìgò kan fún oúnjẹ ọ̀sán, ìgò kan níbi àríyá, ọmọ ti dé ibẹ̀. Gbogbo ariwo ayélujára wà lórí aspartame, bẹ́ẹ̀ 952 tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ló yẹ kí òbí kọ́kọ́ máa wá lára ìgò.

Ti àgbà ńkọ́? WHO ṣe irú ìṣirò yìí lọ́dún 2023: bí agolo kan bá ní 200 sí 300 mílígíráàmù aspartame, àgbàlagbà tó wọn 70 kìlógíráàmù máa mu ju agolo 9 sí 14 lọ lójúmọ́ kó tó kọjá ààlà, bí kò bá gba aspartame láti ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ka gbogbo ohun tó wọlé lójúmọ́ náà

Ohun mímu nìkan kọ́ ni adùn àtọwọ́dá wà nínú rẹ̀. Ẹ wo:

- Sáṣẹ́ẹ̀tì tàbí hóró tí ẹ ń fi sínú tíì àti kọfí
- Yógọ́ọ̀tì, jáàmù àti súìtì tí wọ́n pè ní "light" tàbí "sugar-free"
- Ṣingọ́ọ̀mù
- Ìyẹ̀fun purotéènì tí àwọn eléré ìdárayá ń pò mu
- Oògùn olómi àwọn ọmọdé, fítámì tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu, hóró tí wọ́n ń jù sínú omi kó hó

Ẹ ṣírò èròjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Aspartame inú yógọ́ọ̀tì àti ti inú tíì ni ẹ máa rò pọ̀. Ẹ má fi saccharin kún un, òun náà ní ààlà tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní orílẹ̀-èdè yín

Ohun tí òfin gbà níbì kan lè jẹ́ èèwọ̀ níbòmíràn, cyclamate ni ẹ̀rí. Bí ẹ bá rí ọjà tó wọlé láti òkè òkun, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé wọ́n gba èròjà yìí lórílẹ̀-èdè wa? Ṣé wọ́n gbà á nínú irú oúnjẹ yìí? Ṣé ọjà náà ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀? Ìbéèrè kejì lọ́pọ̀ èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè gba èròjà kan nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí wọ́n má gbà á nínú búrẹ́dì.

Ìkìlọ̀ ńlá: ìyẹ̀fun tí kò ní àkọlé

Bí ẹnì kan bá bu ìyẹ̀fun funfun sínú ọ̀rá tó ní "ṣíbí kékeré kan dípò àpò ṣúgà", ẹ dákun, ẹ má rà á. Saccharin dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 300 sí 400, sucralose sì tó ìlọ́po 600. Nípa òṣùwọ̀n JECFA, saccharin tí àgbàlagbà tó wọn 70 kìlógíráàmù lè jẹ lójúmọ́ jẹ́ 350 mílígíráàmù. Ìyẹn ò tó ìdajì gíráàmù! Kò sí ṣíbí ilé ìdáná tó lè wọn ohun tó kéré bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi ojú bu ìyẹ̀fun ògidì sínú ohun mímu tó fẹ́ tà ń fi ìlera àwọn ọmọ ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́ láìmọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ohun mímu tà: ẹ ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti dì, tó ní orúkọ, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti ìlànà ìlò. Ẹ ra òṣùwọ̀n tó ń wọn mílígíráàmù. Ẹ kọ orúkọ èròjà náà sára ìgò yín.

Àwọn tí ìṣirò yìí ò bá mu

*Ẹni tó ní àrùn phenylketonuria, PKU.* Àbímọ́ ni. Ara wọn ò lè lo phenylalanine, ọ̀kan lára ohun tó para pọ̀ di purotéènì, bó ṣe yẹ; ó ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba ọpọlọ jẹ́. Aspartame ń tú phenylalanine yìí sílẹ̀ nínú ara. Ogójì tí mo kọ sókè kò kàn wọ́n rárá; kí wọ́n yẹra fún 951 àti 962 pátápátá, títí kan ti inú oògùn. Ìdí nìyí tí páálí fi ń kọ "contains a source of phenylalanine". Bí dókítà ò bá sọ fún yín pé ẹ ní PKU, ìkìlọ̀ yẹn kì í ṣe tiyín.

*Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3.* Òfin Yúróòpù ò gba adùn àtọwọ́dá nínú oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún wọn. Kódà bí òfin ibi tí ẹ wà ò bá sọ nǹkan kan, ẹ tẹ̀ lé e.

*Aláboyún.* Ẹ fi orúkọ èròjà náà han dókítà tàbí agbẹ̀bí yín, pàápàá bó bá jẹ́ saccharin, torí ó ń gba inú ibi ọmọ kọjá.

*Alátọ̀gbẹ* lè lò ó. Adùn wọ̀nyí kì í gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè bí ṣúgà ṣe ń gbé e. Ohun tó wà pẹ̀lú wọn ni kí ẹ ṣọ́: ìyẹ̀fun inú bísíkíìtì "sugar-free" ṣì ń di ṣúgà nínú ara, wọ́n sì máa ń fi dextrose tàbí maltodextrin, tí àwọn náà ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, kún inú sáṣẹ́ẹ̀tì kó lè pọ̀. Ẹ ka iye carbohydrate tó wà lẹ́yìn páálí.

Bí ẹ bá fẹ́ fi dáná

Iná ń ba adùn aspartame jẹ́. Ẹ bù ú sí i lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti kúrò lórí iná. Bí ẹ bá bù ú ṣáájú, kò ní dùn mọ́, ẹ ó sì máa bù kún un ṣáá. Acesulfame K ń fara da ooru. Ní ti sucralose, ọ̀pọ̀ páálí ní kí ẹ fi yan kéèkì, àmọ́ lọ́dún 2019 BfR, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ewu inú oúnjẹ nílẹ̀ Jámánì, kìlọ̀ pé bí ooru bá ju 120°C lọ, àwọn nǹkan olóró kan lè ti inú rẹ̀ jáde. Ààrò tí wọ́n fi ń yan kéèkì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èmi ò ní fi yan nǹkan.

"Ṣé kì í fa jẹjẹrẹ?"

Ní oṣù keje ọdún 2023, IARC, ẹ̀ka WHO tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, fi aspartame sí ìpele 2B, ìyẹn ìpele àwọn nǹkan tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ, tí ẹ̀rí rẹ̀ ò tíì pọ̀ tó. Lákòókò kan náà, JECFA wo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní àwọn ò rí ìdí láti yí 40 padà. Wọn ò ta kora. IARC ń béèrè bóyá nǹkan náà lè fa jẹjẹrẹ rárá. JECFA ń béèrè pé bó bá tó mélòó ni ewu wà. Ìbéèrè kejì ni ìtọ́sọ́nà yìí ń bá yín dáhùn nínú ilé yín.

Saccharin náà ti la irú rẹ̀ kọjá. Ó fa kókó nínú àpò ìtọ̀ eku, Amẹ́ríkà sì fi ìkìlọ̀ sára páálí rẹ̀ lọ́dún 1977. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bó ṣe ń ṣe eku kò rí bẹ́ẹ̀ nínú èèyàn, wọ́n sì yọ ìkìlọ̀ náà lọ́dún 2000.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Fífún ọmọ ní ti "zero" láìdíwọ̀n torí pé ṣúgà ò sí níbẹ̀.
- Lílò ó láti fọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, WHO gbani nímọ̀ràn pé kí á má gbára lé e fún dídín ara kù, torí kò sí ẹ̀rí pé ó ń ṣe é lọ́jọ́ pípẹ́. Ìmọ̀ràn yìí yọ àwọn tó ti ní àtọ̀gbẹ sílẹ̀.
- Jíju ṣingọ́ọ̀mù tàbí kéèkì tó ní xylitol sí ajá. Díẹ̀ lásán lè pa á.
- Fífi ìbẹ̀rù sá fún adùn àtọwọ́dá, kéèyàn wá padà sí ìgò mẹ́ta ohun mímu oníṣúgà lójúmọ́. Ewu ìyẹn ò ní iyèméjì kankan nínú.

Ohun tí ẹ lè ṣe dípò rẹ̀

Ẹ máa dín adùn kù díẹ̀díẹ̀. Bí ṣíbí ṣúgà méjì lẹ ń fi sí tíì, ẹ fi ọ̀kan ààbọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ẹ tún dín in. Ahọ́n á kọ́ ọ. Ẹ bu omi la ohun mímu dídùn àwọn ọmọ, kí omi máa pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èso gidi ni kí ẹ fi sínú yógọ́ọ̀tì tí kò ládùn.

Bí ìṣirò bá fi hàn pé ẹ ti kọjá ààlà

Ẹ má bẹ̀rù. Òṣùwọ̀n òòjọ́ wà fún ohun tí èèyàn ń jẹ lójoojúmọ́ títí ayé, wọ́n sì ti fi àlàfo ńlá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan ò sọ ọ́ di májèlé. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni kí ẹ mójú tó: ẹ wo ohun tó ń kó èyí tó pọ̀ jù wá, kí ẹ yọ òun nìkan, kí ẹ tún un ṣírò. Bó bá jẹ́ pé oògùn ọmọ ló fà á, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ bi apòògùn bóyá èyí tí kò ní in wà. Bí ara ẹnikẹ́ni bá sú, tí ojú tàbí ètè rẹ̀ wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa lẹ́yìn tó jẹ nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni o, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí náà dání kí dókítà lè rí orúkọ gbogbo èròjà tó wà nínú rẹ̀.